Àga Tó Dín Nínú Ẹgbẹ̀ta

Àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Bíréèkì. Wọ́n ní ewúrẹ́ tó ṣì wà ní abúlé kejì ló máa ń tẹ bíréèkì dè. Kò bínú sí orúkọ náà. Ẹni tó pẹ́ dé ni ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò dé rárá, wọ́n á máa sunkún rẹ̀ ni.

Ọkọ rẹ̀ ló ń wakọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún tí ọkùnrin náà jábọ́ láti orí ẹrù sìmẹ́ǹtì sórí kọnkéré, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti jókòó pẹ́ mọ́, ni obìnrin náà kọ́ iṣẹ́. Kò sí ohun tó gbàgbé nínú ọdún náà. Ó rántí pé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n yá fún aláìsàn kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, àfi ìgbà tí wọ́n tú ilẹ̀kùn kúrò, àti pé ní gbogbo àsìkò tí ilẹ̀kùn náà fi rọ̀gbọ̀kú ti ògiri, aṣọ ìbora kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà láti dí ojú àwọn aládùúgbò. Ó rántí pé aṣọ ìbora náà ni wọn ì bá fi bora. Ó rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀ gbalaja, tó di àwo ìjẹun mú bíi sítíárì, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ gígùn rìn sẹ́yìn: bí o bá fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ lọ sí ọ̀tún, òsì ni kí o yí i sí. Àwọn ọmọ rò pé eré ni bàbá àti ìyá àwọn ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ rẹ̀ fi yé e jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà.

“Ojú ọ̀nà kọ́ ni wọ́n ti ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ awakọ̀,” ọkùnrin náà á wí. “Ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ni. Wàá wà á dé láyọ̀, ẹnì kan á yọ jáde pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì létí, á ní ẹrù ò pé. Bí o bá pariwo, olè ni ọ́. Bí o bá bẹ̀bẹ̀, olè ni ọ́ náà. Jẹ́ kí ẹrù wà níbi tó wà, má fọwọ́ sí nǹkan kan, má sì kúrò níbẹ̀. Òótọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó wọ bàtà.”

Ẹni tó ni ọkọ̀ ni Màmá Ọlọ́kọ̀, ìyá arúgbó kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin, tí kò sì mọ ọ̀kankan wà nínú wọn. Ọkọ̀ kékeré ló ti ń gbé fún Ìyá Bíréèkì láti ìgbà tó ti gba ìwé ìwakọ̀. Ìrìn àjò yìí ni àkọ́kọ́ tó máa fi ọkọ̀ ńlá lé e lọ́wọ́, èyí tí ọkọ rẹ̀ ń wà kó tó ṣubú. Nígbà tó na kọ́kọ́rọ́ sí i, kò tètè jù ú sílẹ̀.

“Mo fi ń dán ẹ wò ni,” ó ní. “Bí o bá jíṣẹ́ dáadáa, ọkọ̀ yìí ti di tìẹ láti máa wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìwé ẹrù bá padà wá bá mi pé ẹrù dín, kí kọ́kọ́rọ́ bá ìwé wá. Bi ọkọ ẹ wò, mi ò kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

“Mo gbọ́, Màmá,” ni Ìyá Bíréèkì fi dá a lóhùn.

Ẹrù ọjọ́ náà ni àga oníke funfun, ẹgbẹ̀ta géérégé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti ki àwọn àga náà bọ inú ara wọn ní mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n fi okùn dì wọ́n, gbogbo rẹ̀ wá di ọgọ́ta ìdì. Ilé iṣẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí awakọ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń to ẹrù. Ọkọ̀ tí wọ́n ti tì pa, tí wọ́n fi èdìdì onírin sí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ni wọ́n fà lé Ìyá Bíréèkì lọ́wọ́, wọ́n ní ẹni tó máa gba ẹrù nìkan ló gbọ́dọ̀ gé èdìdì náà. Nígbà tó ń buwọ́ lu ìwé ẹrù níbẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ pé èdìdì lòun gbà, òun kò ka ohun tó wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń to ẹrù wo ìkọ̀wé náà, ó ní, “Ọkọ yín ló kọ́ yín nìyẹn.” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dé sítọ́ọ̀ tí wọ́n ti máa gba ẹrù kí oòrùn tó kan àtàrí. Ilé ìtajà àga àti tábìlì ni. Àgbàlá ńlá kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n da kọnkéré sí, òrùlé páànù gígùn kan nà bo ìdajì rẹ̀, lẹ́yìn òrùlé náà sì ni ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ gan-an wà, tó ṣókùnkùn bí ikùn ìkòkò. Nínú òkùnkùn yẹn, àga funfun to lórí ara wọn débi pé ojú kò tó ẹ̀yìn wọn.

Ẹ̀ṣọ́ géètì wò ó bó ṣe ń fi ọkọ̀ gígùn náà rìn sẹ́yìn wọlé, ó ń fapá júwe, ó ń pariwo pé ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ìyá Bíréèkì kò wo apá rẹ̀. Ó fi ìdí ọkọ̀ sí ẹnu òrùlé náà bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.

Nínú alábàárù méjì tó wà níbẹ̀, olórí wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ejìká ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì rí èjìká rẹ̀ kò ní béèrè ìdí. “Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ wà á wá, àbí ọkọ̀ ló mọ̀nà fúnra ẹ̀?”

“Ọkọ̀ ló mọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n. Èmi kàn tẹ̀ lé e kó má baà yà síbi tí kò dáa.”

Àwọn alábàárù rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń gba ẹrù ni akọ̀wé sítọ́ọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tí ẹ̀wù rẹ̀ ní ilà mímú lápá méjèèjì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó yẹ èdìdì wò, ó bá nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ mu pẹ̀lú ti inú ìwé, ó ní, “Kò já, ó pé,” ó sì fi irin gé e fúnra rẹ̀. Àwọn alábàárù ń gbé ìdì kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tú okùn rẹ̀, nítorí okùn ilé iṣẹ́ ni, ó gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ padà. Wọ́n ń tò wọ́n ní ìlà ìlà sábẹ́ òrùlé.

Iṣẹ́ dé ìdajì nígbà tí òjò dé. Kò ṣú púpọ̀ kó tó rọ̀. Páànù ń lù bí ẹni pé wọ́n ń da òkúta lé e, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ omi wọnú ọkọ̀, ni Akọ̀wé bá ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí gbogbo wọn sinmi. Ẹ̀ṣọ́ géètì sáré wá bá wọn. Àwọn márààrún jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ejìká fi àga lé Ìyá Bíréèkì lọ́wọ́, ó ní kó jókòó, ìdúró kì í ṣe oyè. Ó jókòó. Nígbà tí òjò dá, wọ́n parí iṣẹ́ tó kù, wọ́n tún padà síbi tí wọ́n jókòó sí, Akọ̀wé sì dìde láti ka ẹrù.

Ó rìn láàárín ìlà, ó ń fi pẹ́ẹ̀nì tọ́ka sí ẹ̀yìn àga, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé òpin, ó tún padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá bá wọn, kò wojú Ìyá Bíréèkì. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ìwé ẹrù lé orúnkún.

“Ìyá, ẹrù yín ò pé.”

“Mélòó ló dín?”

“Méje. Ìdì kan ku mẹ́rin. Òmíràn jẹ́ mẹ́sàn-án. Àwọn yòókù pé.”

Ẹ̀ṣọ́ géètì fọwọ́ lẹ́rán. “Àga lẹ́sẹ̀ mẹ́rin lóòótọ́,” ó ní, “ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà kó lọ kí ìyá ẹ̀.”

“Ó lè jẹ́ pé bíréèkì ló mú kó sọ̀,” alábàárù kejì, ọkùnrin tínínrín kan, dá sí i, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìròyìn orúkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ìyá Bíréèkì kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó mọ ohun tí méje jẹ́. Méje jẹ́ kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì Màmá Ọlọ́kọ̀. Méje jẹ́ ọkọ rẹ̀ tí yóò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí kò sì ní béèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó mọ nǹkan mìíràn: èdìdì kò já. Ohun tí a tì pa, tí a ṣí níṣojú gbogbo ènìyàn, bí nǹkan bá dín níbẹ̀, inú àgbàlá yìí ló wà tàbí kò wọ ọkọ̀ rárá. Kò sí ibì kẹta.

“Kí n kọ ọ́ pé ó dín méje,” Akọ̀wé ń wí, “kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ máa lọ kí òjò tó tún dé. Ohun tó bá kù, àwọn ọ̀gá máa yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn.”

“Wọ́n máa yanjú ẹ̀ lórí mi ni, Akọ̀wé,” Ìyá Bíréèkì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni àwọn alábàárù méjèèjì ti dìde, wọ́n gbé ìdì kọ̀ọ̀kan lérí, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ tó ṣókùnkùn náà. Ó dìde kíá, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò na ọwọ́, kò sì gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹni tó gbé àga mẹ́wàá lérí ṣe lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi sọ̀ wọ́n kalẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Bí wọ́n bá ti wọlé lọ bá àwọn mọ̀lẹ́bí wọn nínú òkùnkùn yẹn, ta ló máa dá ọmọ mi mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ yín?”

Ejìká wo Akọ̀wé. Akọ̀wé yọ awò, ó nù ún. “Ìyá, ṣé ẹ ò gba kíkà mi gbọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á.”

“Mo gbà á gbọ́. Ohun tẹ́ ẹ rí lẹ kà, ẹ ò sì purọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí èmi náà rí i. Ẹ máa pè é, kí n máa fọwọ́ kàn án. Bó bá tún dín méje, màá sọ pé ó dín méje.”

“Bó bá tún dín méje, ẹ máa fọwọ́ sí i?”

“Màá fọwọ́ sí ohun tí ọwọ́ mi bá kàn.”

Akọ̀wé ronú sí i. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun pe ọ̀gá òun ná, kí wọ́n má baà sọ pé òun dá ọkọ̀ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Àwọn alábàárù sọ ẹrù kalẹ̀, gbogbo ènìyàn sì tún jókòó. Ìyá Bíréèkì náà padà sórí àga rẹ̀.

Fóònù tirẹ̀ dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

“Ṣé wọ́n ti gbà á?”

“Wọ́n ń kà á lọ́wọ́, olówó-orí mi.”

Ọkùnrin náà ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Ó mọ ohun tó wà nínú “lọ́wọ́” yẹn. “Ṣé ẹrù ṣì wà níta?”

“Ó wà níta.”

“Pẹ́ẹ̀nì ńkọ́?”

“Kò tíì kan ìwé.”

“Ó dáa. Ọbẹ̀ wà lórí iná, mò ń mójú tó o,” ọkọ rẹ̀ wí, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe, ó sì pa fóònù.

Nígbà tó dìde láti fi fóònù sápò, Ejìká bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. “Ìyá, ẹ ti di ọjà. Wọ́n ti lẹ bébà mọ́ yín nídìí. Ẹ yí padà ká wo iye tí wọ́n ń tà yín.”

Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn, àwòrán erin kan wà lára rẹ̀, òjò ti mú kí àtè rẹ̀ rọ̀. Ó yọ ọ́. Ó ń fẹ́ jù ú nù. Lẹ́yìn náà ni ó wo bébà ọ̀hún dáadáa, ó wo ìlà àwọn àga tó wà níwájú rẹ̀: erin kékeré kan wà lójú ìjókòó gbogbo wọn. Ó wo àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó wo ìta, níbi tí àwọn àga àtijọ́ tí àwọn ará àgbàlá náà máa ń jókòó lé wà láti àárọ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà. Omi òjò kún ojú ìjókòó wọn, ewé kan sì ń léfòó nínú ọ̀kan.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó wí fún Ejìká, “ẹ bá mi dìde.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn dìde.”

Ejìká dìde. Ìyá Bíréèkì tẹjú mọ́ àga rẹ̀. Erin wà níbẹ̀, ó rún díẹ̀, bó ṣe yẹ kí erin tó bá gbé Ejìká rún. Ejìká náà tẹ̀ ba, ó wò ó. Ó yíjú sí alábàárù tínínrín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ gbún àga onítọ̀hún. “Dìde, ìwọ.”

Alábàárù náà dìde. Ẹ̀ṣọ́ géètì kò dúró kí wọ́n tó ní kó dìde. Ó fò sókè, ó yí padà, ó wo abẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí eèrà jẹ.

Akọ̀wé nìkan ló ṣẹ́ kù lórí ìjókòó, fóònù létí, tó ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Méje, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo kà á dáadáa.” Ó wá rí i pé gbogbo wọn dúró yí òun ká, tí wọ́n ń wo ìdí òun. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ara sókè díẹ̀, ó fi ọwọ́ wá abẹ́ ara rẹ̀, ó fa bébà kan jáde.

“Sà,” ó wí sínú fóònù, “ẹ jẹ́ kí n tún pè yín padà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé alábàárù tínínrín náà ní láti di òpó mú. Nígbà tí òjò dé, tí àwọn àga àtijọ́ ti rin gbingbin níta, ìdì tó súnmọ́ wọn jù ni wọ́n fa àga yọ lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rò ó. Ní àgbàlá tí wọ́n ti ń ta àga, ta ni í béèrè ọjọ́ orí àga kó tó jókòó?

“A jókòó lé ẹrù, a ń wá ẹrù,” Akọ̀wé wí, ojú ń tì í, ó sì ń rẹ́rìn-ín náà.

“Èmi náà jókòó lé e, Akọ̀wé,” Ìyá Bíréèkì wí. “Bí wọ́n bá ń mú olè àga lónìí, ẹ bá mi wá àyè sí ẹ̀gbẹ́ yín.”

Wọ́n dá márààrún padà sórí ìdì wọn. Mẹ́rin di mẹ́sàn-án. Ẹ̀rín náà tú àgbàlá ká. Ẹni tó ń pe obìnrin náà ní Ìyá pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń pè é bẹ́ẹ̀ láìfi ẹ̀fẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ó ṣì ku méjì, Ìyá Bíréèkì sì mọ̀ pé inú dídùn àwọn ènìyàn kì í mú ẹrù pé.

“Ẹ jẹ́ ká kà á bá a ṣe sọ,” ó ní.

Wọ́n kà á. Akọ̀wé ń pè, òun ń fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àga kọ̀ọ̀kan, Ejìká ń tẹ̀ lé wọn, ó ń yí ìdì tí wọ́n bá ti kà tán sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dé ìdì kejì tó jẹ́ mẹ́sàn-án. Ìyá Bíréèkì fọwọ́ kàn án, mẹ́sàn-án lòun náà kà. Ó ti ń gbé ẹsẹ̀ lọ síwájú nígbà tí Akọ̀wé ní kó dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúnlẹ̀ lórí kọnkéré láìka ilà ṣòkòtò rẹ̀ sí, ó fi èékánná fa ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn àga tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

“Eléyìí nípọn ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ,” ó ní.

Ó ti wà lábẹ́ ẹrù nínú ọkọ̀, ooru àti ìwúwo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì rẹ̀ débi pé ẹ̀yìn méjèèjì di ọ̀kan. Ejìká fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, ó fa èkejì, ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, wọ́n sì já sílẹ̀ pá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn.

“Tọkọtaya ni,” ẹ̀ṣọ́ géètì wí. “Ẹ ò bá fi wọ́n sílẹ̀.”

“Ojú yín ló rí i, Akọ̀wé,” Ìyá Bíréèkì wí. “Ọwọ́ mi ti kọjá ẹ̀.”

Wọ́n kà á dé òpin. Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n wọ inú ọkọ̀, wọ́n tan iná fóònù sí gbogbo igun, okùn ilé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn òpó, wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n wo ilé kékeré tí ẹ̀ṣọ́ géètì ń gbé. Ìdì tó dín náà ni èyí tí wọ́n ti fa àga yọ nígbà òjò, wọ́n wá bi ara wọn léèrè títí bóyá ẹlòmíràn jókòó. Kò sí ẹlòmíràn. Ẹgbẹ̀ta ó dín ẹyọ kan.

Ejìká ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àwọn àga tó wà níta.

“Ìyá, ẹyọ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká fọ ọ̀kan nínú wọ̀nyẹn, ká tì í bọ àárín. Funfun ni funfun.”

Akọ̀wé kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wo pẹ́ẹ̀nì ọwọ́ rẹ̀. “Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí,” ó ní, “mo lè kọ ọ́ pé ó pé. Ẹni tó bá jókòó lé ẹrù tí kò tíì gbà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.”

Ìyá Bíréèkì wo ìwé ẹrù náà. Ààyè tí wọ́n ti máa kọ iye tí wọ́n gbà ṣófo níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ẹgbẹ̀ta síbẹ̀, ọkọ̀ di tirẹ̀ láti máa wà lónìí. Ọkọ rẹ̀ á gbọ́ ọ. Kò ní fi aṣọ ìbora dí ẹnu ọ̀nà mọ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀, àfi àwọn tó dúró níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì fẹ́ràn rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ó mọ ìfẹ́ inú àgbàlá. Ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore irọ́ lónìí, okùn oore náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tó bá sì wù ú ló máa fà á. Òun á tún dé ibí. Ní ọjọ́ tí àga mẹ́wàá bá dín lóòótọ́, kí ni yóò fi dí wọn lẹ́nu?

“Ẹ ṣeun,” ó ní. “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ mi kàn ni mo ní màá fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n bá ẹni tó ni ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kí n tó fọwọ́ sí i.”

Ó pè é níṣojú wọn. Màmá Ọlọ́kọ̀ gbé e kí agogo tó dún tán.

“Wọ́n ti gbà á?”

“A kà á tán, Màmá. Ó dín ẹyọ kan.”

Ohùn arúgbó náà kò yí padà. “Èdìdì ńkọ́?”

“Odindi ni. Akọ̀wé wọn ló gé e, ó wà níwájú mi.”

“Ta ló kà á?”

“Àwa méjèèjì. Òun ń pè é, èmi ń fọwọ́ kàn án. Àga ò tíì kúrò níta.”

“Ẹyọ kan,” Màmá Ọlọ́kọ̀ wí. “Gbogbo ariwo yìí lórí ẹyọ kan. Wọn ò lè gbójú fò ó?”

“Wọ́n ti ní àwọn máa gbójú fò ó, Màmá. Èmi ni mo kọ̀.”

Àwọn tó dúró yí i ká kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lódì kejì, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé obìnrin náà nà tàn-ìn, bí ìgbà tó ń fi ọkọ̀ gígùn rìn sẹ́yìn.

“Mo ti sọ fún ẹ nípa ìwé tó bá dín,” Màmá Ọlọ́kọ̀ wí nígbẹ̀yìn.

“Ẹ sọ fún mi, mo sì gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, mo lè gbé e wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìwé tó pé wá fún yín, tí àwọn ará ibí wá rí àga àlòkù láàárín tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, orúkọ tèmi kọ́ ni wọ́n máa pè. Orúkọ tó wà lára ọkọ̀ ni. Mi ò fẹ́ fi ọkọ̀ yín jalè kí n tó mọ̀ ọ́n wà tán.”

Arúgbó náà mí sínú fóònù. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ tó jọ ìgbà tí wọ́n ń bó ẹ̀pà.

“Ta ló sọ fún ẹ pé mo ń wá kọ́kọ́rọ́? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé mo mọ ọkọ̀ wà ni? Fún akọ̀wé yẹn ní fóònù.”

Akọ̀wé gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ń dáhùn ṣáá pé bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èmi ni mo gé e, Màmá. A jọ kà á ni, Màmá. Nígbà tí Màmá Ọlọ́kọ̀ pa fóònù, ó ní ó fẹ́ pe ilé iṣẹ́ tó ṣe àga, kí wọ́n dúró.

Wọ́n dúró, ní ìdúró, nítorí kò sí ẹni tó tún fẹ́ jókòó, Ìyá Bíréèkì sì padà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀. Oòrùn padà yọ sórí kọnkéré tó tutù. Fóònù tún dún.

“Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ bá mi jà,” Màmá Ọlọ́kọ̀ wí. “Mo ní èdìdì ò já, ẹ̀yin lẹ tò ó, awakọ̀ mi sì ti kọ ọ́ fún yín pé òun ò kà á. Ẹnu wọn rọ̀. Wọ́n ní àwọn máa fi ẹyọ kan kún ẹrù tó ń bọ̀. Kọ ọ́ bó ṣe rí, fọwọ́ sí i, jẹ́ kí òun náà fọwọ́ sí i.”

“Màá ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá.”

“Ẹrù tó ń bọ̀ yẹn, lọ́jọ́ Ajé ni. Sítọ́ọ̀ yẹn náà ló ń lọ. Ta lo rò pé mo máa fi gbé e?”

Ìyá Bíréèkì ń wo Akọ̀wé, tó ti gbé ìwé ẹrù lé ẹ̀yìn Ejìká, tó ń kọ ọ́ pẹ̀lú ìkọ̀wé tó tò pé ẹgbẹ̀ta ó dín ẹyọ kan ni àwọn jọ kà, pé èdìdì jẹ́ odindi kí wọ́n tó gé e. Ejìká dúró jẹ́ẹ́ bíi tábìlì, ó ń ráhùn pé pẹ́ẹ̀nì náà ń rin òun.

“Ẹni tó mọ iye wọn ni kẹ́ ẹ fi gbé e, Màmá,” ó ní.

“Ọkọ ẹ náà kì í dáhùn tààrà,” Màmá Ọlọ́kọ̀ wí. “Má pẹ́ lọ́nà. Ọjọ́ Ajé, àárọ̀ kùtùkùtù.”

Ìyá Bíréèkì buwọ́ lu ìwé náà, Akọ̀wé sì buwọ́ lù ú sábẹ́ tirẹ̀. Nígbà náà ni obìnrin náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, ó na ọwọ́ sí àwọn alábàárù pé kí wọ́n máa kó àga wọlé.